Máìlì Ojú Mítà Àti Ìtọ́jú Abẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé lẹ́yìn owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ, díẹ̀ ni ohun tí ń gbé owó ìdílé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó ọkọ̀ rírà. A sì ti rí ilé tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí ọkọ̀ wọlé ni àlàáfíà jáde.

Ìbéèrè tí àwọn ará máa ń gbé wá bá wa, pàápàá jù lọ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ṣómólú àti Bàrígà, ni èyí: bí ènìyàn bá fẹ́ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, èwo ni kí ó kọ́kọ́ wò? Ṣé iye máìlì tí ọkọ̀ náà ti rìn ni, tàbí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè yìí tún máa ń le sí i bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí a ṣe fún eré sísá, èyí tí wọ́n ń pè ní sípọ́ọ̀tì. Kí àwọn àgbà má ṣe fajú ro. A kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí yóò rà á mọ ohun tí ó ń fi owó rẹ̀ rà.

Bí tòkunbọ̀ ṣe wọ àárín wa

Àwọn àgbà tó wà láàárín wa kò ní gbàgbé ìgbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba lè ra ọkọ̀ tuntun. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Òjó, nílùú Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín. Peugeot 504 àti Ìjàpá Volkswagen kún ojú títì. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, ọkọ̀ tuntun sá kúrò lọ́wọ́ olówó oṣù. Ìgbà náà ni ọkọ̀ àlòkù láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà wọ̀ wá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àwọn kan gba Kùtọnu, àwọn kan gba èbúté Àpápá. Orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun ni a fi sọ wọ́n.

Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má ṣe gba ẹnu ibodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi ojú omi. Ọ̀nà yòówù kí ọkọ̀ gbà wá, ohun kan kò yí padà: kí ó tó dé ọjà ọkọ̀ ní Bẹ́ńgà, tàbí iwájú ilé aláròóbọ̀ ní òpópónà Ìkòròdú, ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó gbà kọjá ni ó lè ti kan mítà rẹ̀.

Ọkọ̀ méjì tí wọ́n fi hàn wá

Ní ọdún 2014, tọkọtaya kan nínú ìjọ wa wá bá wa. Ọkọ ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí ìró ẹ̀rọ kì í ti í dákẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Ìyàwó jẹ́ olùkọ́ ní Bàrígà. Ìbejì ni Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ọkọ ti ń wo ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì bí ẹni ń wo oúnjẹ lójú fèrèsé, Toyota Celica ti ọdún 2004 sì ni ó wù ú.

Méjì ni aláròóbọ̀ gbé síwájú rẹ̀. Mítà èkíní ka 47,000 máìlì. Ara rẹ̀ ń dán bí bàtà tuntun, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí ó sọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Ti èkejì ka 126,000 máìlì. Ara rẹ̀ há níbi méjì. Ṣùgbọ́n nínú àpótí iwájú rẹ̀ ni ìwé ìtọ́jú wà, tí ilé iṣẹ́ tí ń tún un ṣe ní Amẹ́ríkà fi òǹtẹ̀ lù, ọjọ́ dé ọjọ́: ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ bíréèkì, ìgbà tí wọ́n da omi rédíétọ̀ nù tí wọ́n sì rọ òmíràn.

Èkíní ni ọkọ fẹ́. Aláròóbọ̀ ti sọ fún un pé obìnrin kan ṣoṣo ni ó ti wà á, àti pé kò tíì rin ìrìn kankan. Ìyàwó ni ó dá a dúró. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí lọ Pásítọ̀. Owó yìí, àwa méjèèjì la jọ dá a, àwọn ọmọ yìí náà ló sì máa jókòó lẹ́yìn rẹ̀.” A yin ọkọ pé ó gbọ́ràn. A pe arákùnrin kan nínú ìjọ tí ó ti ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ju 20 ọdún lọ, a sì jọ lọ.

Aago mẹ́ta ni ọkọ̀ ní

Ohun tí arákùnrin yìí kọ́ wa lọ́jọ́ náà ni a ń fi kọ́ àwọn ará títí di òní. Ó ní ènìyàn rò pé aago kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ní, èyí tí ó wà lójú mítà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Mẹ́ta ni.

Aago kìíní ni máìlì. Ohun tí ó ń kà ni iye ìgbà tí táyà yí. Àwọn ẹ̀yà tí ń jẹ nítorí ìrìn ni ó wà lábẹ́ rẹ̀: ṣọ́ọ̀kì, bíàrín inú táyà, kílọ́ọ̀ṣì, gíà. Nínú ọkọ̀ tí ó ń lo bẹ́ẹ̀tì táímìn, àwọn tí ó ṣe é máa ń ní kí a pààrọ̀ rẹ̀ láàárín 60,000 sí 100,000 máìlì. Bí bẹ́ẹ̀tì yìí bá já lórí eré, nínú ẹ́ńjìnnì púpọ̀, àwọn fáàfù yóò kọlu písítìnì, ẹ́ńjìnnì náà sì di àkísà. Nítorí náà máìlì kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Ó ń sọ fún wa iṣẹ́ tí ó yẹ kí ẹnì kan ti ṣe.

Aago kejì ni ọdún. Èyí kò bìkítà bóyá ọkọ̀ rìn tàbí ó dúró. Rọ́bà ń gbó, páìpù omi ń ya, omi bíréèkì ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, táyà sì ń le koránkorán bí ó tilẹ̀ wà nílẹ̀ lásán. Ọkọ̀ tí ó jókòó sábẹ́ òrùlé fún ọdún mẹ́rin kò di tuntun nítorí pé kò rìn. Ẹ yẹ ara táyà wò: nọ́ńbà mẹ́rin wà ní ìparí àkọsílẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT. Bí ẹ bá rí 1512, ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe táyà náà. Àjọ FRSC ti kìlọ̀ títí nípa táyà tòkunbọ̀, ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Aago kẹta ni wákàtí, òun sì ni àwa ará Èkó máa ń gbàgbé. Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ ní òpópónà Amẹ́ríkà, tí ń sá eré 60 máìlì ní wákàtí kan, mítà rẹ̀ yóò ka 120 máìlì láàárín wákàtí méjì. Ẹni tí ó jáde láti Bàrígà lágogo mẹ́fà àárọ̀, tí ó wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lórí afárá Third Mainland fún wákàtí méjì, mítà rẹ̀ lè má ka ju 10 máìlì lọ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti ṣiṣẹ́ wákàtí méjì. Ọ́ìlì inú wọn ti gbóná fún wákàtí méjì. Kódà ti Èkó tún gbóná jù, nítorí afẹ́fẹ́ kò fẹ́ sí rédíétọ̀ bí ó ti yẹ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ti rin 30,000 máìlì nínú ìgboro Èkó lè ti rẹ̀ ju èyí tí ó rin 90,000 lórí ọ̀nà tó já gaara lọ.

Àwọn tí ń yí mítà sẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, ìwé Òwe orí 20 sọ fún wa pé Olúwa kórìíra òṣùwọ̀n méjì. Mítà ọkọ̀ náà òṣùwọ̀n ni. Ẹni tí ó yí i sẹ́yìn kò yàtọ̀ sí ẹni tí ó tẹ ìdí kóńgò wọnú. Kì í sì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ọdún 1986 ti ní kí ẹni tí ń ta ọkọ̀ kọ iye máìlì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i, àjọ NHTSA tí ń rí sí ààbò ojú pópó ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 450,000 ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú mítà èké. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ níbi tí òfin ti le, kí ni a ó retí níbi tí ẹ̀rọ kékeré kan, tí a so mọ́ ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ti lè sọ 150,000 di 50,000?

Ẹ rántí àwọn ará Gíbéónì nínú ìwé Jóṣúà orí 9. Bàtà tí ó ti gbó, búrẹ́dì tí ó ti bu, àti aṣọ àkísà ni wọ́n fi tan Ísírẹ́lì, kí wọ́n lè rò pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Aláròóbọ̀ ayé òde òní yí i padà ni: ó fi ara dídán tan ènìyàn, kí a lè rò pé ọkọ̀ náà kò tíì rin ọ̀nà kankan. Àṣìṣe kan náà ni àwọn tí a tàn ṣe. Wọ́n wo ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn, wọn kò sì ṣe ìwádìí.

Ìṣirò kékeré kan wà tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ìdílé máa ń rin bíi 12,000 máìlì lọ́dún. Ọkọ̀ ọdún mẹ́wàá yẹ kí ó ti rin nǹkan bí 120,000. Èyí tí ó ka 47,000 ń sọ pé òun kò rin tó 5,000 máìlì lọ́dún. Ó lè jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n kí ó mú ẹ̀rí wá. Ẹ sì ṣọ́ra: ọkọ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, kìlómítà ni wọ́n ń kà. 100,000 kìlómítà kò ju nǹkan bí 62,000 máìlì lọ. Ẹ bèèrè èwo ni ẹ ń wò kí ẹ tó yọ̀ tàbí kí ẹ tó sá.

Ohun tí ojú rí lọ́jọ́ náà

Arákùnrin wa kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo mítà. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí bíréèkì. Ti ọkọ̀ 47,000 ti jẹ dé irin. Ó wo ìjókòó awakọ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti fà ya, wọ́n fi ìbòrí tuntun bò ó. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ ìdarí: ó ti dán lọ́wọ́ òkè bí ọwọ́ ọlọ ìyá àgbà. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹsẹ̀ tó jẹ rọ́bà yìí, kì í ṣe ẹsẹ̀ 47,000 máìlì.”

Lẹ́yìn náà ni ó kọ nọ́ńbà ṣáàsí ọkọ̀ méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lẹ́bàá gíláàsì iwájú àti lára ilẹ̀kùn. Bí ti ibi méjèèjì kò bá bára mu, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá nínú 17 yìí ni ó ń sọ ọdún tí ọkọ̀ jẹ́: 4 dúró fún 2004, 8 fún 2008, C fún 2012. A san owó díẹ̀ fún àkọsílẹ̀ Carfax, èyí tí ń kó ìtàn ọkọ̀ jọ. Ọkọ̀ tí mítà rẹ̀ ka 47,000 ní Èkó ti ka 109,000 ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ parí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó ta ọjà erùpẹ̀ ni yóò gba owó òkúta, ṣùgbọ́n kò sọ pé kí àwa máa fi owó gidi ra erùpẹ̀.

Ó tún wo ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo yín kọ sílẹ̀. Ìjì Sandy tí ó jà ní Niú Yọ́ọ̀kì àti Niú Jẹ́sì ní oṣù kẹwàá ọdún 2012 ba ọkọ̀ tí ó ju 200,000 lọ jẹ́, púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó sì máa ń wá ojú ọ̀nà sí òkè òkun. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé ìparí, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ wo àwọn bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá wọ́n ti dípẹtà. Bí inú ọkọ̀ bá ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, bí ó bá rin 20,000 máìlì péré, ẹ má rà á. Omi tí ó wọ wáyà kì í tètè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n yóò sọ̀rọ̀.

Ti sípọ́ọ̀tì yàtọ̀ díẹ̀

Ẹni tí ó fẹ́ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: bí ó bá bàjẹ́, níbo ni màá ti rí ẹ̀yà ara rẹ̀? Celica tí a ń sọ yìí jẹ́ àpẹẹrẹ dáadáa. Èyí tí a pè ní GT ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE, irú èyí tí ó wà nínú Corolla ìgbà náà. Ṣéènì ni ó ń lò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀tì. Ní Ládìípọ̀ ní Múṣin, tàbí ní ASPAMDA ní ọgbà Trade Fair, ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì Corolla kò wọ́n. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣáájú nǹkan bí ọdún 2002, máa ń jẹ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n èyí tí a pè ní GT-S ń lo ẹ́ńjìnnì mìíràn, 2ZZ-GE, tí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Iná iwájú, ilẹ̀kùn àti bọ́ńpà Celica kò sì bá Corolla mu rárá, Toyota sì ti dáwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà dúró ní ọdún 2006. Ọ̀dọ́ tí ó ra sípọ́ọ̀tì lówó pọ́ọ́kú lè rí i pé iná iwájú kan ṣoṣo yóò gba owó oṣù rẹ̀.

Ohun mìíràn ni pé ẹni tí ó kọ́kọ́ ni sípọ́ọ̀tì, eré ni ó rà á fún. Ó ṣeé ṣe kí ó ti jó táyà, kí ó ti lu kílọ́ọ̀ṣì pa. Nítorí náà ni a fi ń sọ pé nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìwé ìtọ́jú wúlò ju máìlì lọ. Bí ìwé kò bá sí, ẹ jẹ́ kí máìlì kékeré máa fọ́nnu lọ, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Ìtọ́jú tí àwa fúnra wa yóò ṣe

Tọkọtaya wa ra èyí tí ó ka 126,000. Nítorí pé máìlì rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí ó ṣẹ́kù pamọ́. Láàárín oṣù kìíní wọ́n pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣọ́ọ̀kì, bíréèkì, àti gbogbo ọ́ìlì. Ìyá Ìbejì ra ìwé kékeré kan, ó sì ń kọ ohun gbogbo tí wọ́n bá ṣe sí ọkọ̀ náà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti máìlì. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n lò ó. Nígbà tí ọmọ kẹta dé, ìjókòó ẹ̀yìn tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ kò gbà wọ́n mọ́, wọ́n sì tà á. Ẹni tí ó rà á ṣí ìwé kékeré náà wò, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ná owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 2019, arákùnrin kan ní Bàrígà ra ọkọ̀ tí ó rin 60,000 máìlì. Òótọ́ ni máìlì náà, ìwé rẹ̀ pé, ìtọ́jú rẹ̀ pé. Wọ́n sọ fún un pé kí ó máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 máìlì. Ó dúró de 5,000. Nítorí pé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ó ń lò ó, oṣù 14 kọjá tí mítà kò pé. Ọ́ìlì ti di ẹrẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí afárá Third Mainland, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì kọlu, ó sì dúró. Ẹni tí ó bá ti dúró lórí afárá náà lóru mọ ohun tí a ń sọ. Olúwa yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lọ. Aago kẹta ni kò kà. Ní Èkó, ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin máa jẹ́ òdiwọ̀n ọ́ìlì fún ọkọ̀ tí ń jáde lójoojúmọ́, bí máìlì kò tilẹ̀ pé.

Ìwé Deutarónómì orí 8 rán wa létí pé 40 ọdún ni Ísírẹ́lì fi rìn nínú aginjù tí aṣọ wọn kò sì gbó mọ́ wọn lára. Ìrìn wọn pọ̀, ṣùgbọ́n Ẹnì kan ń tọ́jú wọn. A kò ní kí ẹ máa retí iṣẹ́ ìyanu lára ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí a rí kọ́ ni pé jíjìn ọ̀nà nìkan kọ́ ni ó ń gbó nǹkan, àìsí olùtọ́jú ni.

Kí tọkọtaya jọ dáhùn

Kí owó tó jáde nílé, kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí papọ̀:

1. Ṣé a ti rí ẹ̀rí máìlì rẹ̀, tàbí ẹnu aláròóbọ̀ nìkan ni a gbọ́?

2. Nínú aago mẹ́ta, èwo ni ó ti pé lára ọkọ̀ yìí, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?

3. Ṣé mẹkáníìkì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ tiwa, tàbí ti ẹni tí ń tà á?

4. Bí a bá ra ọkọ̀ náà tán, ṣé ìdá kan nínú márùn-ún owó wa yóò ṣẹ́kù fún àtúnṣe àkọ́kọ́? Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ni bẹntiróòlù ti kúrò ní ohun tí à ń rà lábẹ́ ₦200 ní lítà kan. Epo náà ń bẹ nínú ìṣirò.

5. Ṣé ìjókòó àwọn ọmọ wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́líìtì tí ń ṣiṣẹ́?

Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ sinmi ná. Ọkọ̀ kò tán lọ́jà. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Kò ní kí ó má kọ́ ọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí sípọ́ọ̀tì wù, a kò ní dá yín lẹ́kun. Ẹ rà á bí agbára yín bá gbé e, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ má sì fi eré rẹ̀ dán ẹ̀mí yín tàbí ti ọmọ ọlọ́mọ wò ní òpópónà Bàjùláyé. Kí Olúwa máa ṣọ́ àjáde àti àbọ̀ gbogbo wa. Ó di oṣù tí ń bọ̀.